OJÚ WÍWÚ LẸ́YÌN OÚNJẸ: KÌ Í ṢE GBOGBO RẸ̀ NI MÁJÈLÉ

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti ìpàdé. Ọ̀rọ̀ ìlera ni, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá láàárín wa. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó mọ̀wé kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé.

Ọ̀pọ̀ yín ló rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọjà wa ní ọdún 2023. Àwa náà wà níbẹ̀, ojú wa ló ṣe. Ọ̀kan nínú àwa aláṣọ lọ jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ. Àmàlà ló jẹ, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹja. Ó jẹun tán, ó fọwọ́, ó sanwó, ó padà sí ìsọ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni ètè òkè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í le, ó ní ó ń ṣe òun bí ẹni pé nǹkan ń rìn níbẹ̀. Nígbà tí a máa fi wẹ̀yìn wò, ètè ti yọ síta bí ti ẹni tí oyin ta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ti ga ju èkejì lọ, ahọ́n ti nípọn, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò já gaara mọ́.

Ẹnì kan ló fi igbe ta: "Wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ o!" Ṣé ẹ mọ ẹnu ọjà. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn aláta, ó ti di pé ìyá olóúnjẹ ló fi nǹkan sí i lóúnjẹ nítorí gbèsè. Àwọn kan da ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ nù, àwọn kan ká a mọ́ ìsọ̀, wọ́n ní àwọn máa nà án. Àwọn tó ní àwọn ń ṣe ìtọ́jú ń da epo pupa sí aláìsàn lẹ́nu, ó ń há a lọ́fun, ó ń wúkọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó wá raṣọ. Òun ló lọgun pé kí wọ́n jáwọ́ nínú epo, kí wọ́n wá móòtò kíákíá.

Nígbà tí a dé ọsibítù, dókítà kò béèrè ohun tó jẹ nìkan. Ó ní, "Mama, oògùn wo lẹ ń lò?" Ó ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, pé òun ti ń lò ó láti bí oṣù 8, tábúlẹ́ẹ̀tì kan lójúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Ó fa páálí rẹ̀ yọ nínú báàgì. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ ni lisinopril. Dókítà mi orí, ó ní, "Oògùn yìí ni. Kì í ṣe àmàlà." Wọ́n dá a dúró mọ́jú, wọ́n ń ṣọ́ ọ̀fun rẹ̀, wọ́n sì pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru náà dà sí òmíràn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ojú rẹ̀ ti padà sípò. Láti ìgbà náà, kò tún wú mọ́.

Àwa tí à ń kọ èyí, ìwé mẹ́fà la kà, a kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ká wa lára, a sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí a gbọ́ la fẹ́ là sílẹ̀ báyìí.

KÍ LÓ Ń MÚ OJÚ WÚ?

Ẹ wò ó báyìí. Ara wa ní ọlọ́dẹ, bí ọjà wa ṣe ní ọlọ́dẹ lóru. Iṣẹ́ wọn ni láti lé kòkòrò àìsàn tó bá fẹ́ wọlé. Ṣùgbọ́n nínú ara àwọn kan, ọlọ́dẹ yìí a máa ṣi ẹni mọ̀. Oníbàárà jẹ́jẹ́ ló ń bọ̀, ó lè jẹ́ edé, ó lè jẹ́ ẹ̀pà, ọlọ́dẹ á ní olè ni. Á fọn fèrè, gbogbo ara á dìde. Nǹkan kan tí àwọn dókítà ń pè ní histamine á tú jáde, á mú kí àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín là, omi inú ẹ̀jẹ̀ á wá máa jò sínú ẹran ara. Ibi tí ẹran ara bá ti rọ̀ ló máa ń hàn sí jù: ìpéǹpéjú, ètè, ahọ́n àti ọ̀fun. Èyí ni wọ́n ń pè ní àlẹ́jì. Ara á máa yún ẹni náà, ara sì lè lé káàkiri bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ.

Ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí a sọ yẹn yàtọ̀. Kò sí ọlọ́dẹ nínú tiẹ̀. Nǹkan kan wà tí ara máa ń ṣe, tí ara sì máa ń gbá dànù lójoojúmọ́. Oògùn yìí kì í jẹ́ kí ara gbá a dànù tán, ó wá dà bíi gọ́tà tó dí. Omi á kójọ díẹ̀díẹ̀, lọ́jọ́ kan á kún bo ojú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí irú wíwú yìí kì í fi í yún ni, tí ara kì í sì í lé. Ètè, ahọ́n àti ojú á kàn wú ṣáá ni.

OÚNJẸ TÓ SÁBÀ Ń FA ÀLẸ́JÌ

Kò sí oúnjẹ tí ara ẹnì kan kò lè kọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí a mọ̀ dáadáa: edé, alákàn, ẹja, ẹ̀pà, kajú, yànmọ̀tí, ẹyin àti mílíìkì. Ti ẹyin àti mílíìkì wọ́pọ̀ lára ọmọdé. Ti edé àti ẹja lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èèyàn ti dàgbà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà ni pé a máa ń ní, "Ṣebí mo ti ń jẹ edé láti kékeré?" Ìyẹn kò ní kí ara má kọ̀ ọ́ lónìí. Ara lè gba nǹkan fún ogún ọdún kó tó kọ̀ ọ́. Ohun mìíràn ni pé kò dìgbà tó bá pọ̀. Edé lílọ̀ tó kù sára ṣíbí lè tó láti da ara ẹlòmíràn rú.

Ní ti àkókò, àlẹ́jì oúnjẹ kì í pẹ́ kó tó hàn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí 2 ló sábà máa ń jẹ́. Bí ẹ bá jẹun lánàá tí ojú wú lónìí, ẹ wá ibòmíràn wò.

OÒGÙN "LẸ́YÌN OÚNJẸ"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbí dáadáa, nítorí ibi tí ìjà ọjà wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Wọ́n máa ń sọ fún wa ní kẹ́míìsì pé, "Lẹ́yìn oúnjẹ ni kẹ́ ẹ lò ó." A jẹun, a lo oògùn, ojú wú. Ta la máa mú? Oúnjẹ la máa ń mú, torí òun lojú rí. A kì í rántí oògùn.

Àwọn oògùn tó lè mú ojú wú pọ̀: aspirin, ibuprofen, Septrin, àti àwọn tó bá Ampiclox tan. Nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn tí orúkọ wọn parí sí "pril" ni kẹ́ ẹ wò: lisinopril, enalapril, ramipril, captopril. Oògùn gidi ni wọ́n, wọ́n ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn lóore, ọ̀pọ̀ tó ń lò wọ́n ni nǹkankan kì í ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti rí i pé wíwú yìí máa ń ṣe àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn òyìnbó lọ. Ó lè dé lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó lè dé lẹ́yìn oṣù púpọ̀, ó lè dé lẹ́yìn ọdún. Ó lè wú lónìí kó lọ lọ́la fúnra rẹ̀, ká ní ó ti tán, kó tún padà wá lọ́jọ́ mìíràn kó dé ọ̀fun.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń lo oògùn "pril" tí ètè tàbí ojú yín wú pẹ́nrẹ́n, ẹ má ṣe lo òmíràn sí i, ẹ lọ bá dókítà lọ́jọ́ náà gan-an kó pa á dà. Ẹ má sì ṣe dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró kẹ́ ẹ wá jókòó sílé láìgba òmíràn o. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú, rọpárọsẹ̀ ló máa ń fà. Bí ẹ̀yin tó ń lò ó kò bá sì ní wàhálà kankan, ẹ máa lò ó lọ bí dókítà ṣe wí. Amlodipine tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, ẹsẹ̀ ló máa ń mú wú. Ìyẹn yàtọ̀ sí èyí.

Ẹ̀YIN ẸLẸ́JA, ẸJỌ́ TIYÍN WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ẹja bíi Titus, kòtè àti ṣáwá, bí yìnyín ara wọn bá ti yọ́ tí wọ́n sì pẹ́ nínú ooru, àwọn kòkòrò tí ojú kò rí á máa sọ nǹkan inú ẹran wọn di histamine, èyí tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Bí a dín in, kò kúrò. Bí a yan án, kò kúrò. Bí a dá a padà sínú fíríìsà, kò kúrò. Yìnyín kì í jẹ́ kó pọ̀ sí i ni, kò lè mú èyí tó ti wà níbẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí 1, ojú àti ọrùn rẹ̀ á gbóná, á pọ́n, orí á máa fọ́ ọ, ara á máa yún un, inú lè máa run ún, ojú ẹlòmíràn a sì máa wú. Ẹja náà lè máa ta lẹ́nu bí ata. Ohun tí a fi ń dá a mọ̀ ni pé kì í sábà mọ sórí ẹnì kan. Àwọn tó jẹ nínú ẹja kan náà ló máa ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Àlẹ́jì ní tiẹ̀, èèyàn mẹ́wàá lè jẹ nínú ìkòkò kan, kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló máa ṣe.

Ká má purọ́, májèlé wà láyé. Ṣùgbọ́n bó tilẹ̀ jẹ́ òun, ọsibítù náà ni ibi tí à ń gbé e lọ. Igbe "májèlé" kì í wo ẹnikẹ́ni sàn.

Kì í sì í ṣe gbogbo ojú wíwú ló wá láti inú ìkòkò. Eyín tó jẹrà a máa mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan wú pẹ̀lú ibà. Ṣegede a máa wú sábẹ́ etí. Ẹlòmíràn, òkúta kékeré ló dí ọ̀nà itọ́ rẹ̀, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ á máa wú bó bá ti ń jẹun, á sì máa rọlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń wú ní gbogbo àárọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ń wú, kó lọ yẹ kídìnrín wò.

ÀMÌ EWU

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí ojú ẹnì kan bá wú lẹ́yìn oúnjẹ tàbí oògùn, àwọn nǹkan tó yẹ kẹ́ ẹ wò nìyí:

1. Ṣé ahọ́n rẹ̀ tàbí inú ọ̀fun rẹ̀ ń wú? Ṣé itọ́ ń nira láti gbé mì, tó ń dà jáde lẹ́nu?
2. Ṣé ohùn rẹ̀ ti há, tàbí ó ti yí padà?
3. Ṣé ó ń mí bí ẹni tó ní ikọ́ fée, tàbí èémí rẹ̀ ń dún?
4. Ṣé òòyì ń kọ́ ọ, tó ń làágùn tútù, tó fẹ́ dákú?
5. Ṣé ara rẹ̀ ti lé, tó sì tún ń bì léraléra tàbí inú ń run ún gan-an?

Bí ẹ bá rí ẹyọ kan ṣoṣo nínú márààrún, ẹ má dúró de èkejì. Ọ̀nà tí a fi ń mí kò fẹ̀. Bó bá wú dí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù.

OHUN TÓ YẸ KÍ A ṢE

Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wá móòtò nígbà tí ẹlòmíràn ń tọ́jú ẹni náà. Bí mímí bá ń nira fún un, ẹ gbé e jókòó, kó fẹ̀yìn ti nǹkan. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè díẹ̀. Ẹ má ṣe ní kó dìde rìn, ìdìde lójijì lè pa irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ọ̀kadà kò dára fún un. Táksí tàbí kẹ̀kẹ́ Márúwá ló sàn, kí ẹnì kan dì í mú.

Ilé ìwòsàn tó ní dókítà tó sún mọ́ wa jù lọ ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ẹ má wá èyí tó lórúkọ jù. Ẹ sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ojú rẹ̀ wú, kò lè mí dáadáa." Abẹ́rẹ́ tó ń gbani lọ́wọ́ àlẹ́jì burúkú ni adrenaline. Ẹ̀gbẹ́ itan lóde ni wọ́n ń gún un sí, wọ́n sì lè tún un gún lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 bí kò bá tíì dáa. Tábúlẹ́ẹ̀tì Piriton dára fún ara yíyún, ṣùgbọ́n kò lè ṣí ọ̀fun tó ń dí. Ẹ má ṣe lò ó kẹ́ ẹ wá sùn sílé. Bó bá jẹ́ pé oògùn "pril" ló fà á, abẹ́rẹ́ yìí lè má ràn án púpọ̀, nítorí náà ẹ gbé páálí oògùn lọ́wọ́ kí dókítà lè tètè mọ ohun tó máa ṣe.

Bí ara bá sì ti rọlẹ̀, ẹ má bá wọn jà pé ẹ fẹ́ máa lọ sílé. Àlẹ́jì a máa padà lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ nígbà mìíràn. Ìdí tí wọ́n fi ń ní kẹ́ ẹ dúró nìyẹn.

Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe: ẹ má da epo pupa, mílíìkì, àgbo tàbí omi sí ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ń wú lẹ́nu. Ẹ̀dọ̀fóró ló máa gbà lọ. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun pé kó bì. Ẹ má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan.

Ẹni tó bá ti ṣe rí, kó wá ìwé kékeré kan. Kó kọ ohun tó jẹ, oògùn tó lò, wákàtí tó jẹ ẹ́ àti wákàtí tí ojú wú. Bí kò bá lè kọ ọ́, kó wá sí ìsọ̀ wa, a máa bá a kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé yẹn ni dókítà máa fi mọ ibi tí nǹkan ti ń wá.

Ẹ̀YIN OLÓÚNJẸ

Bí oníbàárà bá béèrè pé, "Ṣé edé wà nínú rẹ̀?", kì í ṣe pé ó ń rí yín fín. Ẹ̀mí rẹ̀ ló ń béèrè. Ẹ sọ òtítọ́ fún un, kódà bó bá máa lọ ra ti ẹlòmíràn. Ẹ rántí pé kúlíkúlí wà nínú ata sùyà, edé lílọ̀ sì wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́ínmọ́ín. Ẹ má fi ṣíbí ọbẹ̀ eléédé bu èyí tí kò ní edé. Bí ẹ kò bá mọ ohun tó wà nínú nǹkan tí ẹ rà wá, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀.

Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa tó lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù sọ fún wa pé òfin ni èyí lọ́hùn-ún. Ọmọbìnrin ọdún 15 kan tó ń jẹ́ Natasha Ednan-Laperouse kú ní ọdún 2016 nítorí yànmọ̀tí tí wọ́n pò mọ́ búrẹ́dì, tí wọn kò kọ sára rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ kò dákẹ́. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021, oúnjẹ tí wọ́n bá dì sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà tí wọ́n ti ń tà á gbọ́dọ̀ ní àkọlé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwa kò ní àkọlé lára ìkòkò. Ẹnu wa ni àkọlé wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìyá olóúnjẹ wa. Fún odidi ọ̀sẹ̀ kan kò lè ṣí ìsọ̀. Ẹgbẹ́ jókòó, a rí i pé a ṣẹ̀ ẹ́, a dá owó ìkòkò àti owó ọbẹ̀ padà fún un, a sì bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n owó kò dá oníbàárà padà. Ẹni tó dá wọn padà ni aláṣọ tí ojú rẹ̀ wú yẹn. Lọ́jọ́ ọjà, ní ọ̀sán gangan, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ìsọ̀, ó ní kí wọ́n bu àmàlà, gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹja bíi ti ọjọ́ yẹn fún òun. Ó jẹ ẹ́ tán lójú gbogbo èèyàn, ó lá ọwọ́, ó sì ní kí wọ́n bu òmíràn wá.

Ẹ jẹ́ ká máa wo ara wa lójú kí a tó ka ẹ̀ṣẹ̀ sí ara wa lọ́rùn. Olúwa á ṣọ́ wa o.

Àwa ni,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́ yín.